Ṣé kí ọmọ mi forúkọ sílẹ̀ láti dìbò káńsù ní Praia?

Ìyá Alágbọn, Àgbádárìgì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjà Agbálátà ni mo ti ń ta àgbọn àti epo àgbọn, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àgbádárìgì yóò mọ ìlà wa. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Àìkú, oorun kò sì kùn mí dáadáa. Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Àkọ́bí mi wà ní Praia, olú ìlú Cape Verde, erékùṣù tó wà láàárín òkun níwájú Sẹ̀nẹ̀gà lọ́hùn-ún. Ọjà tó ń kó gba Ṣẹ̀mẹ̀ wọlé ló fi ń jẹun tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba ti bodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019, a ní kò ní pẹ́. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí i, owó òwò ti jó tán pátá. Ó ta ọ̀kadà rẹ̀, ó kó owó àjọ tí mo dá fún un, ó gba Dàkáà kọjá lọ. Bàtà àti báàgì ló ń tà níbẹ̀ báyìí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó ti gba ìwé ìgbélùú.

Ọjọ́ Àìkú tó pè mí, ó ní, "Màámi, ẹni tí a jọ ń tajà ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀, kí n lè máa dìbò káńsù." Mo ní káńsù wo? Ó ní káńsù Praia. Mo ní ìwọ ọmọ Nàìjíríà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin wọn gbà á láyè.

Ẹ má bínú sí mi, àyà mi já. Mi ò kórìíra ìdìbò. Ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025 tí a dìbò káńsù ní ìpínlẹ̀ Èkó, mo jáde, mo dìbò kí n tó lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ní ìgbà kan sẹ́yìn, àwọn ọmọkùnrin kan tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti wá ya wọ ìlà wa lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n fọ́ páànù ìsọ̀ mi, wọ́n sì da epo àgbọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà sílẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ mu ún. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí òórùn rẹ̀ tó lọ níwájú ìsọ̀ mi. Mo máa ń bá òórùn yẹn pàdé láàárọ̀ tí mo bá ń gbálẹ̀, omi á sì gbọ̀n lójú mi. Èmi ọmọ onílùú rèé. Ọmọ mi tó jẹ́ àlejò ńkọ́? Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ṣé òótọ́ ni pé àjèjì lè dìbò níbẹ̀? Ṣé wọn kò ní sọ pé ó ń tọ́ ọ̀ràn tí kò kàn án? Káńsù náà pàápàá, kí ló ń ṣe tó kan ẹni tó ń ta bàtà?

---

Télọ̀ Ajárá

Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Ẹ pẹ̀lẹ́ epo tó dà nù. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ fún yín. Èmi fúnra mi dìbò níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, 25 oṣù Kẹwàá 2020, kí n tó padà wálé lọ́dún tó tẹ̀ lé e láìsí wàhálà kankan. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ránṣọ ní Praia, nínú ọjà Sucupira. Tí ọmọ yín bá ń ta bàtà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà la jọ tẹ̀.

Bí òfin wọn ṣe rí nìyí. Àjèjì tó ní ìwé ìgbélùú, tó sì ti lò ju ọdún mẹ́ta lọ lábẹ́ ìwé yẹn, lè dìbò káńsù. Ti Ààrẹ àti ti ilé aṣòfin kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ onílùú ló ni ìyẹn. Àwọn tó wá láti ilẹ̀ tó ń sọ èdè Potogí, bíi Guinea-Bissau, tètè ń rí àǹfààní náà gbà jù wá lọ. Ṣùgbọ́n tiwa náà wà nínú ìwé òfin. Ẹnikẹ́ni kò ṣojúure fún ọmọ yín, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi bú u.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìbéèrè yín kẹta, nítorí òun ló dùn mọ́ mi jù.

Erékùṣù mẹ́wàá ni Cape Verde, èèyàn ń gbé nínú mẹ́sàn-án. Gbogbo èèyàn wọn tí wọ́n kà lọ́dún 2021 kò pé ìdajì mílíọ̀nù. Ìkòròdú nìkan pọ̀ jù wọ́n lọ. Káńsù méjìlélógún ni wọ́n pín gbogbo rẹ̀ sí, Praia tó wà ní erékùṣù Santiago ló sì tóbi jù, torí pé nínú èèyàn mẹ́rin tó wà ní orílẹ̀-èdè náà, ẹnì kan, ó lé díẹ̀, Praia ló ń gbé. Nítorí náà, alága káńsù Praia kì í ṣe ẹni kékeré. Ulisses Correia e Silva ṣe é láti 2008 títí di 2016, láti ibẹ̀ ló sì ti di olórí ìjọba orílẹ̀-èdè.

Kámara ni àwọn èèyàn ń pe káńsù náà. Tí ìdọ̀tí bá kún, Kámara. Tí o bá fẹ́ ilẹ̀ kọ́lé, Kámara, torí ilẹ̀ púpọ̀ nínú ìlú wà lọ́wọ́ wọn, ìwé lo máa kọ tí o sì máa dúró. Kò sí pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ń dá ẹ dúró lójú ọ̀nà fún owó ìpìlẹ̀. Ìsọ̀ ọjà, Kámara. Itẹ́ òkú, Kámara. Òkúta dúdú tí wọ́n ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan sójú ọ̀nà àdúgbò, tí ọkùnrin á kúnlẹ̀ tì pẹ̀lú òòlù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, iṣẹ́ Kámara ni. Mo mọ ọkùnrin kan tó ń tò ó. Tó bá fẹ́ gbé òkúta kan sílẹ̀, á yí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, á wo ojú tó tẹ́jú, á fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, òkúta á sì jókòó. Mo máa ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ wò ó.

Ìyá wa, ẹ fojú inú wò ó bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀. Àárín ìlú wọn wà lórí òkè kan tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ. Platô ni wọ́n ń pè é. Sucupira wà nísàlẹ̀ òkè náà. Tí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ bá Kámara sọ, mo máa ń ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo máa ń gun òkè lọ, ilé wọn wà létí gbàgede tó ní igi, ilé-ìṣọ́ onígun mẹ́rin wà lórí rẹ̀. Òpópónà kan wà nítòsí ibẹ̀ tí ọkọ̀ kì í gbà, Rua 5 de Julho, ọjọ́ tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Potogí lọ́dún 1975 ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja máa ń jókòó sí ẹ̀bá ọjà orí òkè náà pẹ̀lú abọ́ ńlá wọn. Tí mo bá dé ibẹ̀, Agbálátà ni mo máa ń rántí.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún mi pé kí n forúkọ sílẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan ni, ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Rabidante ni wọ́n ń pe irú wọn, obìnrin tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ ra ọjà nílẹ̀ òkèèrè, tó ń kó o wálé wá tà. Ó bi mí bóyá mo ń san owó ìsọ̀. Mo ní mò ń san án. Ó ní ta ni mò ń san án fún? Mo ní Kámara. Ó wá nawọ́ sí mi, ó ní, "Kámara e di nos tudu." Gbogbo wa la ni Kámara. Kò tún sọ nǹkan mìíràn, ó padà sídìí ọjà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti sanwó fún káńsù rí níbi púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí pé tèmi ni.

Ohun tó wá jẹ́ kí n lọ gan-an ni òjò oṣù Kẹsàn-án 2020. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ bíi tiwa. Oṣù mélòó kan ló ń rọ̀ lọ́dún, àwọn odò tó wà láàárín òkè sì máa ń gbẹ gangan fún ìgbà pípẹ́, ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú wọn, àwọn kan tilẹ̀ kọ́lé sínú wọn. Lọ́jọ́ kan ni òjò náà dé. Gbogbo odò gbígbẹ yẹn jí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi ní Eugénio Lima, mo ń wo omi pupa tó ń gbé ilẹ̀kùn, gáàsì ìdáná àti bẹ́ẹ̀dì lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lórí tábìlì, mo gbé e lé orí fún wákàtí bíi méjì. Ìbéèrè tí gbogbo àdúgbò ń bi ara wọn lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ta ló yẹ kó ti sọ pé kí èèyàn má kọ́lé sí ojú odò, ta ló sì yẹ kó wá ibòmíràn fún wọn. Kò sí ẹni tó dárúkọ Ààrẹ. Kámara ni gbogbo ẹnu ń pè. Ìdìbò ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ sí i nígbà yẹn, orúkọ mi sì ti wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdìbò, gbogbo wa fi aṣọ bo imú nítorí àrùn kòrónà. Ìwé méjì ni wọ́n fún mi, ọ̀kan fún Kámara, ọ̀kan fún Assembleia tó ń ṣọ́ Kámara. Èèyàn 9 ló wà nínú Kámara, 21 nínú Assembleia. Orúkọ ẹgbẹ́ lo máa tẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé ẹgbẹ́ tó bá borí ló máa di alága. Francisco Carvalho ti ẹgbẹ́ PAICV ló borí Óscar Santos ti MpD tó wà lórí àga. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò retí rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ohun tó yà mí lẹ́nu jù rèé: àwọn tó fìdí rẹmi kò lọ sílé. Márùn-ún ni ẹgbẹ́ tó borí ní nínú Kámara, mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kejì ní, inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣí ìsọ̀. Ìyá tí mo sọ yẹn, ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi ló dìbò fún, kò fi pa mọ́. Ó wá bá mi, ó gbé síkẹ́ẹ̀tì kan tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́ sílẹ̀, ó ní, "Modi bu sta?" Mo ní, "Tudu dretu." Mo bá a ṣe é kí oòrùn tó kan àtàrí. Páànù ìsọ̀ ẹnikẹ́ni kò fọ́.

---

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ kú àlàyé, Bọ̀dá Télọ̀. Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n tí Màmá bá bi èmi, mo máa ní kí ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní orílẹ̀-èdè kan nílẹ̀ Áfíríkà yìí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọdún méjìlá ló fi bá wọn gbé, ó fẹ́ ọmọ wọn, ó ń sọ èdè wọn ju àwọn míì nínú wọn lọ. Lọ́jọ́ kan tí inú ń bí wọn, ìsọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dáná sun. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n jọ ń jẹun ló nawọ́ sí ibẹ̀. Ó padà wálé pẹ̀lú báàgì kan. Títí di òní, tó bá gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó, á dìde kúrò níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé orúkọ burúkú kan wà tí àwọn ará Cape Verde fi ń pe àwa tí a wá láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pè ẹ́, ṣé o fẹ́ kó tún rí ẹ lórí ìlà ìdìbò? Kí ọmọ náà máa san owó ìsọ̀ rẹ̀, kó máa fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

---

Bàbá Ẹ̀pẹ́

Mo kí gbogbo yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ káńsù kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi fà mí mọ́ra.

Télọ̀, mo ní ìbéèrè kan fún ọ. Àwọn káńsù 22 tí o ń sọ yẹn, ṣé òfin orílẹ̀-èdè mọ gbogbo wọn dọ́gba? Mò ń bèèrè nítorí tiwa. Lọ́dún 2003 ni wọ́n dá 37 sílẹ̀ kún ogún tí Èkó ní tẹ́lẹ̀. Níbí ní Ẹ̀pẹ́, a ní Ẹ̀rẹ̀dò, a ní Ìkọ̀sí-Èjìrìn. Àwa òṣìṣẹ́ kó fáìlì, wọ́n pín tábìlì àti àga, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n 774 ni ìwé òfin Nàìjíríà kà, 37 yẹn kò sí níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, mo pe àwọn ọmọ tí mo fi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo ní ẹ gbọ́ ọ? Ọ̀kan nínú wọn bi mí léèrè pé, "Bàbá, àwa tí a kò sí nínú ìwé ńkọ́?" Mi ò rí èsì fún un.

Ìyá Alágbọn, ní tèmi, ẹni tó bá ń san owó fún káńsù ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Kí ọmọ yín lọ. Ṣùgbọ́n kó má wọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan, kó má sì tẹ̀lé ẹnikẹ́ni ká ìlú lóru.

---

Télọ̀ Ajárá

Ọmọ Ìkòròdú, mo bá ẹ̀gbọ́n yín kẹ́dùn gan-an. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yín kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mandjaku ni orúkọ náà. Ẹ̀yà kan ní Guinea-Bissau ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Cape Verde kan sì sọ ọ́ di orúkọ fún gbogbo wa. Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ Hiace lọ́jọ́ tí mo ń gbé aṣọ ìyàwó kan lọ fún oníbàárà ní Palmarejo. Mo di aṣọ náà mọ́ àyà títí a fi dé, mi ò sọ̀rọ̀. Inú mi bàjẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n nǹkan tí mo rí rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò. Kí n tó forúkọ sílẹ̀, kò sí òṣèlú kankan tó mọ̀ pé a wà nínú Sucupira. Nígbà tí àwa àjèjì tí orúkọ wa wà nínú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àwọn tó ń wá ìbò, ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì, bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ìlà wa. Wọ́n ń bọ̀ wá lọ́wọ́. Wọ́n ń bi wá nípa omi, nípa iná inú ọjà, nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí n dìbò fún òun kò ní pè mí ní mandjaku lójú mi, ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń gbọ́ bó ṣe ń pè mí ní ọ̀gbẹ́ni. Kò pa orúkọ yẹn rẹ́. Ó dín in kù ní ìlà tiwa.

Mi ò sọ pé ọ̀run ni ibẹ̀ o. Lẹ́yìn tí mo ti padà wálé ni mo gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ alága náà gan-an kọ̀yìn sí i nínú ìgbìmọ̀, iṣẹ́ sì falẹ̀ nígbà mìíràn nítorí ìjà. Síbẹ̀, àwọn ará ìlú tún yàn án padà ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2024. Ilé aláwọ̀ eérú tí wọn kò rẹ́ ṣì wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Omi ẹ̀rọ, omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ rẹ̀ ni, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Bàbá Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, dọ́gba ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Kí Praia tó di olú ìlú ní nǹkan bí ọdún 1770, Ribeira Grande ni olú ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Cidade Velha báyìí, ìyẹn ìlú àtijọ́. Ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Praia, ọkọ̀ kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Abẹ́ káńsù Praia ló wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2005 wọ́n yọ ọ́ jáde, wọ́n sọ ọ́ di káńsù tirẹ̀ nínú òfin. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní 2009, UNESCO kọ ìlú náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé.

Ìyá wa, mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òpó òkúta funfun kan wà ní gbàgede wọn nítòsí òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so àwọn ẹrú mọ́, tí wọ́n ti ń nà wọ́n. Mo fọwọ́ kàn án. Oòrùn ti mú kó gbóná. Èmi tí wọ́n bí sí Ajárá, tí mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹrẹfù láìmọye ìgbà, tí mo ti rìn nínú iyanrìn yẹn dé etí òkun, mo wá dúró síbi tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa gúnlẹ̀ nígbà náà. Obìnrin kan ń se cachupa nítòsí, àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pọ̀ mọ́ ẹja, ẹni tó mọ ẹ̀gbo àti ẹ̀wà yóò mọ adùn rẹ̀. Ó bu díẹ̀ fún mi, kò gba owó. Àtìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọ̀rọ̀ erékùṣù yẹn kò kàn mí, mi ò kí ń gbà.

---

Ìyá Alágbọn, Àgbádárìgì

Ọlọ́run á bá mi san ẹ̀san fún gbogbo yín. Ọmọ Ìkòròdú, mo gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n yín, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn mi sì fẹ́ tẹ̀lé yín. Bàbá Ẹ̀pẹ́, mo ti sọ ti aṣọ ẹgbẹ́ fún un, ó sì gbà. Télọ̀, mo ka ti òpó òkúta yẹn sókè fún bàbá rẹ̀, kò fèsì, ó kàn ní kí n pe ọmọ náà.

Ó lọ lọ́jọ́ Wednesday. Ó fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lórí rẹ̀ tó tún kó ọkàn mi sókè. Wọ́n kọ "Freguesia", wọ́n wá kọ "Nossa Senhora da Graça" sí iwájú rẹ̀. Ọmọ àdúgbò wa tó lóye Potogí díẹ̀ ní orúkọ Màríà ìyá Jésù ni. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, ilé kéwú ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo pè é, kò gbé e, ó wà lọ́jà. Ṣé wọ́n ti fi sínú ìjọ kan ni kí wọ́n tó jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀?

---

Télọ̀ Ajárá

Rárá o, Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Orúkọ agbègbè ni. Láyé àtijọ́, ibi tí ìjọ Kátólíìkì kan bá ń bójú tó ni Potogí fi máa ń pín ilẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ títí di òní. Freguesia kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo káńsù Praia, ìyẹn náà ni. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, ẹni tí kò sin nǹkan kan, bákan náà ni ìwé wọn rí. Ó wà lórí tèmi náà, ìwé yẹn ṣì wà nínú àpótí òwú mi.

Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni orúkọ rẹ̀. Ẹ wò ó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fò nínú tèmi, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gun òkè Platô kí wọ́n tó tún un ṣe.

---

Ìyá Alágbọn, Àgbádárìgì

Mo ti wò ó, mo jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ náà wò ó. Wọ́n kọ ọ́ pé. Àmì orí rẹ̀ nìkan ni kò sí.